Ìka Tí A Kùn Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí ìbò ku ọjọ́ mẹ́fà, mo fi ọwọ́ ara mi já èdìdì ìjọba, nítorí pé ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ẹ̀rín náà. Kì í ṣe ẹ̀rín tí wọ́n ń pín kiri bí ìwé ìpolongo. Igun ètè òsì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá rọra rìn lọ sápá ọ̀tún bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Kunlékunlé ni ẹni tó ni ẹ̀rín náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, orúkọ tí gbogbo wa sì ń pè é nìyẹn. Ọ̀dà kì í tán lára rẹ̀. Lónìí, funfun díẹ̀ lẹ́yìn etí; lọ́la, àwọ̀ ewé díẹ̀ ní ìgunpá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kán búlúù kan wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni búlúù náà ń ṣẹ́jú. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ yẹn.

Òṣìṣẹ́ ìbò ni wọ́n fẹ́ fi wá ṣe, àwa méjìlélógún. Ìbò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bọ́ sí ọjọ́ kan náà: ìwé ìbò méjì, àpótí méjì, làásìgbò méjì. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósimi ni wọ́n ti ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́, nínú kíláàsì mi gan-an. Àwọn àgbàlagbà wá jókòó sórí àga àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, orúnkún kan àgbọ̀n, àwòrán ehoro àti adìyẹ lẹ́yìn wọn lára ògiri. Nítorí pé ọmọ ilé ni mí, èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Mo so ó mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí.

Màmá Òfin ló ń kọ́ wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ohun tí ẹ lè bi í tí kò ní ṣí ìwé òfin ìbò fún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè ṣí fèrèsé?"

Màmá Òfin á pọ́n ìka ìfábẹ̀lá lá, á fi ṣí ìwé. "Ojú ewé kọkànlélógójì. Fèrèsé tó bá kọjú sí ibi ìtẹ̀ka gbọ́dọ̀ wà ní títì."

Oòrùn á wá máa sè wá bí ẹyin.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ìbò náà, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, kì í sì í ṣe ààrẹ. Lórí ìwé tí Màmá Òfin lẹ̀ mọ́ pátákó, wọ́n kọ wá sí ìlà kan náà. Tábìlì kejì: Tíṣà ni yóò máa yẹ orúkọ wò, Kunlékunlé ni yóò máa fi tàdáwà sí ìka. Tábìlì kan, àga méjì, wákàtí mẹ́wàá. Àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé wákàtí méjì ni wọ́n fi mọra tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Kí ni mi ò ní fi mẹ́wàá ṣe?

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí jẹ́ ọjọ́ ìdánrawò. A máa dìbò bí ẹni pé òótọ́ ni, láti orí títò títí dé orí kíka. Màmá Òfin kò gbà kí a dá orúkọ olùdíje gidi kankan, torí náà ó fi Ọ̀gbẹ́ni Ṣíbí àti Arábìnrin Ìkòkò du ipò ààrẹ, ó fi Àga àti Bẹ́ǹṣì du ipò aṣòfin. Ó to ṣíbí àti ìkòkò gidi sórí tábìlì kí ó lè yé wa. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀.

"Ṣíbí lèmi ń bá lọ!" Bàbá Onílẹ́tà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì pín lẹ́tà kiri kó tó fẹ̀yìn tì. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún. "Kí ni Ìkòkò ti ṣe fún wa rí, ju kó gba gbogbo oúnjẹ sínú kó sì dé ọmọrí lé e?"

"Ẹ̀yin bàbá," Télọ̀ dá a lóhùn, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, "bí Ìkòkò kò bá sí, inú kí ni Ṣíbí yín fẹ́ bọ̀?"

"Inú ẹnu yín!"

"Ojú ewé kẹsàn-án," Màmá Òfin wí, "kò sí ìpolongo nínú ọgbà ìdìbò."

Ó kan ọ̀rọ̀ tàdáwà. Òfin sọ pé omi tí a po àwọ̀ búlúù mọ́ ni kí a lò fún ìdánrawò. Ìgò rẹ̀ wà nínú páálí kékeré. Tàdáwà gidi, èyí tí kì í bó lára fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, wà nínú páálí ńlá tí èdìdì ìjọba wà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án títí di àárọ̀ ọjọ́ ìbò.

Kunlékunlé ti burúṣì bọ inú omi búlúù náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó bó ti ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan fún. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí.

"Tíṣà," ó wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ pe èyí?"

"Tàdáwà ìdánrawò ni."

"Kò mú nǹkan rárá. Bí mo bá fi eléyìí kun ògiri, onílé á fi àkàbà mi lé mi dé títì. Èmi ò lè dúró níwájú èèyàn kí n máa fi omi kun ìka wọn. Ṣé kò sí èyí tó ki díẹ̀?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n..."

Ó bá rẹ́rìn-ín. Láti igun òsì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa mi. Ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbé mi wọlé, ọwọ́ mi já èdìdì, ẹnu mi sì sọ pé, "Ẹ gbà, ìgò kan péré o." Gbogbo ara mi ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn àyàfi ọpọlọ.

Nǹkan mìíràn tí mi ò rò ni pé kunlékunlé kì í ṣiṣẹ́ ní ìdajì. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí burúṣì ṣáà kan èékánná díẹ̀, kí ẹni náà máa lọ. Òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi aṣọ nu ìka oníkálukú. Ó kùn ún láti oríkèé dé orí èékánná, ó ní kí wọ́n lọ jókòó kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tó gbẹ, ó pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé kò tíì tó ni?" Nọ́ọ̀sì bi í, obìnrin tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kìíní ló ń wọ ara," ó wí. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń jẹ́ kó dán."

Màmá Òfin ló kọ́kọ́ dìbò, kó lè fi bí a ti ń ṣe é hàn wá. Òun náà gba ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé ìka sókè bí àtùpà. "Ẹ wò ó! Bó ṣe yẹ kí tàdáwà rí nìyí!" Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti yẹ tàdáwà wò, ó péye, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tó kàn mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Tíṣà."

"Atẹ́gùn ni."

"Fèrèsé wà ní títì," ó wí, ó sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣíbí fi ìbò kan ṣoṣo na Ìkòkò. Télọ̀ ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá Òfin kó àwọn ìwé sápò, ó sì gba ilé lọ. Àwa yòókù lọ fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fura. Ó fọ ìka rẹ̀, ó wò ó, ó tún fọ̀ ọ́. Ó yí sí wa.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "tàdáwà gidi nìyí."

Gbogbo wa wo ìka wa. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la kọ́ òfin kan sórí, a fi orin kọ ọ́ bí àwọn ọmọ jẹ́léósimi: ẹni tó bá ti ní àmì lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó dìbò, ó ti dì í tẹ́lẹ̀. Ìbò ku ọjọ́ mẹ́fà. Àmì máa wà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.

"Mo ti para mi!" Bàbá Onílẹ́tà ké. "Láti ìgbà tí mo ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò, mi ò pa ẹyọ kan jẹ rí. Ṣé Ṣíbí ni mo wá fi ìbò ọdún yìí ta lọ́rẹ ni?"

Mo gbójú sókè, mo rí i tí Kunlékunlé ń wò mí. Mo sáré gbójú sílẹ̀. Èmi àti òun nìkan la mọ ẹni tó já èdìdì, a sì mọ òfin kejì tó wà lójú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta: ẹni tó bá já èdìdì ṣáájú àsìkò, wọ́n máa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì fi tó ọlọ́pàá létí. Tábìlì kejì mi ti ń fò lọ lójú mi bí ẹyẹ.

Mo délé, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi kẹrosíìnì. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n ti dìbò ni?"

"Rárá o, màmá. Ìdánrawò ni."

"Ìdánrawò wo ni kì í bó lọ́wọ́? Ta lo dìbò fún?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣíbí."

"Ẹgbẹ́ òṣèlú wo nìyẹn?"

"Màmá, ṣíbí ni. Ṣíbí tí wọ́n fi ń jẹun."

"Ẹn-ẹ́n. O ò fẹ́ sọ fún mi. Kò burú." Ó mú ìborùn rẹ̀, ó dà á sí èjìká, ó sì kọjá sí ilé kejì. Bí ìyá mi bá ti lè mú ìborùn báyẹn, kí rédíò lọ sinmi.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò ti tò láti géètì dé ìdí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Oníkálukú mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání. Bàbá arúgbó kan gbé àga tirẹ̀ wá.

"A gbọ́ pé wọ́n ti ń dìbò ní kọ̀rọ̀ fáwọn tó mọ èèyàn," ó wí fún mi. Ó rí ìka mi. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ti eléyìí!"

"Ìbò kò tíì bẹ̀rẹ̀, bàbá."

"Ìka ẹ ti bẹ̀rẹ̀!"

Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀, ti di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń pariwo pọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì kò mọ olùdíje kankan tó ń jẹ́ Ṣíbí, ilé ẹjọ́ ni àwọn ń lọ. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní òun kò mọ ti ilé ẹjọ́, Ṣíbí lòun máa dì fún. "Ó kéré tán," ó ní, "a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

Mo tiraka wọlé. Nínú kíláàsì, ṣe ló dà bí ilé ìwòsàn. Bàbá Onílẹ́tà ti fi pépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán pákó ha ìka rẹ̀. Awọ ti lọ, dúdú wà níbẹ̀. Télọ̀ ti ki gbogbo ọwọ́ bọ bílíìṣì. Ọwọ́ funfun, àmì wá dúdú sí i. Kunlékunlé nìkan ni kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ń wo ìka náà pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti, kí n má purọ́, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

Màmá Òfin wọlé. Ó ti fi báńdéèjì di ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó tóbi tó ṣùkù àgbàdo.

"Ọ̀bẹ ló gé mi," ó wí. Ẹnì kankan kò bi í.

Ó gbé ìwé òfin lé tábìlì. Ó ní òun ti gba ojú fèrèsé yàrá ìkẹ́rùsí rí páálí ńlá, òun ti rí èdìdì tó já. "Ta ló já a? Kí ẹni náà dìde fúnra rẹ̀."

Mo fẹ́ dìde, ara mi kọ̀. Ibi tí mo ti ń bá ẹsẹ̀ mi jà, ẹnì kan dìde lẹ́yìn.

"Èmi ni, mà," Kunlékunlé wí.

Gbogbo wa yíjú. Màmá Òfin mú rúlà, ó mú bírò pupa, ó lọ sí ìwé tó wà lára pátákó, ó sì fa ìlà tó gún régé kọjá lórí orúkọ rẹ̀. Mo wo tábìlì kejì. Tíṣà nìkan ló kù níbẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Mo dìde. Àga ọmọ ọdún mẹ́rin náà bá mi dìde, ó há mọ́ mi ní ìbàdí.

"Irọ́ ni, mà. Èmi ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín nítorí àga. Mi ò ráyè yọ ọ́. "Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kunlékunlé kàn béèrè bóyá èyí tó ki wà ni. Ọwọ́ mi ló já a. Ẹ pa orúkọ tèmi rẹ́, ẹ dá tiwọn padà."

"Tíṣà, ẹ jókòó," Kunlékunlé wí.

"Mi ò jókòó. Àga gan-an kò jẹ́ kí n jókòó!"

"O mọ òfin," Màmá Òfin wí. "Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ẹ. Kí ló dé tí o fi já a?"

Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé tó wà ní títì, àwọn èrò ti fi imú tẹ̀ ẹ́, bàbá arúgbó gun orí àga rẹ̀. Mo wá irọ́ kan tó dára, mi ò rí.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, mà."

Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo tó sọ. Télọ̀ fi aṣọ bojú, Bàbá Onílẹ́tà ń lu orúnkún. Mi ò wo ẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò yẹn, mi ò ní dúró kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ dákẹ́!" Màmá Òfin gbá tábìlì. "Ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta!" Ó gbé ìka lọ sẹ́nu láti pọ́n ọn lá, bó ti ń ṣe láti ogójì ọdún. Báńdéèjì ló lá. Ó fi ti ìwé, ìwé kò ṣí. Ó tún gbìyànjú, báńdéèjì ń yọ̀ lórí ìwé. Inú bí i. Ó fi eyín fa báńdéèjì náà tu, ó jù ú sílẹ̀, ó lá ìka, ó ṣí ojú ewé.

Gbogbo wa na ọrùn.

Ìka náà dúdú. Ó dán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn ún.

"Ọ̀bẹ yẹn mà ní tàdáwà lára o," Bàbá Onílẹ́tà wí.

Màmá Òfin wo ìka rẹ̀. Ó wò wá. Nọ́ọ̀sì, tí kò lójú àánú, ti gbé ìwé àkọsílẹ̀, ó sì kà á sókè: "Mo ti yẹ tàdáwà wò, ó péye. Ìbuwọ́lù..."

"Mo mọ ìbuwọ́lù mi."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá Òfin fa àga ọmọdé kan, ó jókòó. Orúnkún òun náà kan àgbọ̀n. "Mo fi bílíìṣì," ó wí ní ohùn kékeré. "Mo fi òkúta. Mo fi nǹkan tí ọkọ mi fi ń fọ mọ́tò." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí ojú ewé kankan fún irú èyí."

Bó ṣe di pé ó kọ lẹ́tà sí olú ilé iṣẹ́ ìbò nìyẹn, a tọwọ́ bọ̀ ọ́, àwa mẹ́tàlélógún. Ó gbé ṣíbí àti ìkòkò jáde lọ fi han àwọn èrò, ó ṣàlàyé, wọ́n sì túká díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó pọnmọ ló lọ kẹ́yìn. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ òun ṣì rò pé Ṣíbí dáa.

Èsì dé nígbà tí ìbò ku ọ̀la. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwa mẹ́tàlélógún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí gbogbo aṣojú ẹgbẹ́ rí i. Kí a dìbò, kí wọ́n sì fi àmì tiwa sí ọwọ́ òsì, ìka èyíkéyìí. Kò sáyè láti kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́, torí náà kí wọ́n dá Kunlékunlé padà, kí wọ́n fi Tíṣà sílẹ̀ sáyè rẹ̀, kí wọ́n kìlọ̀ fáwọn méjèèjì gidigidi. Kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Tíṣà. Kí Kunlékunlé máa kun ìka lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ "lẹ́ẹ̀kan".

Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́. Mo ti gba tábìlì mi padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àga, ọkùnrin náà kò tíì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Wákàtí mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rín òun ni mo fi sọ ara mi di aláìgbọ́n níwájú gbogbo ìlú!

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ó jókòó tì mí, ó to burúṣì, ó to ìgò. Èrò ti kún ìta. Ìyá mi wà níwájú, ìborùn léjìká. Àwa òṣìṣẹ́ la kọ́kọ́ dìbò. Mo tẹ̀ka fún ààrẹ, mo tẹ̀ka fún aṣòfin. Mo kó ìwé méjèèjì sínú àpótí, mo padà sí tábìlì kejì, mo na ọmọńdinrín òsì sí i láìwò ó.

"Ọwọ́ ẹ," ó wí.

Ọwọ́ ẹ. Kò sọ pé ọwọ́ yín. Mo gbójú sókè.

Ó ṣí ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Burúṣì rẹ̀ kọjá lórí ọmọńdinrín, ó dúró sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ìka òrùka.

"Lẹ́tà sọ pé ìka èyíkéyìí," ó wí. "Ṣé ibí dára?"

"Ó máa pẹ́ níbẹ̀ o."

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún." Ó kùn ún láti oríkèé dé èékánná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kó tó bó tán, màá ti wá kí màmá ẹ."

"Atẹ́gùn ti ń ṣe ọwọ́ tìrẹ náà," mo wí, nítorí pé burúṣì ń gbọ̀n.

"Fèrèsé wà ní títì, Tíṣà."

Ó tún ti burúṣì bọ ìgò. Láti ẹnu ọ̀nà, Màmá Òfin ké mọ́ wa: "Ẹ̀ẹ̀kan!"

"Ẹ forí jì mí, mà," ó wí láìyíjú, ẹ̀rín náà sì ti gbéra ní igun òsì. "Eléyìí gba ẹ̀ẹ̀mejì."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa nínú àwọn tó tò. Ó na káàdì sí mi. Ó wo ìka òsì mi, ó wo Kunlékunlé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà ní ìgunpá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí pé ta ni mo dìbò fún.

Ó ṣáà tún ìborùn rẹ̀ dà sí èjìká.